Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Fi Ṣọnà

Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ ọmọ nípa ike tó ń ba àyíká jẹ́, ibi tó yẹ kí wọ́n parí sí gan-an ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ á ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìgò ike méjì wá láti ilé. Wọn á gé e, wọn á kùn ún lọ́dà, wọn á fi gúlúù lẹ òdòdó mọ́ ọn lára, wọn á tò ó sórí tábìlì de ọjọ́ táwọn òbí ń bọ̀. Àwọn òbí á pàtẹ́wọ́, wọn á ya fọ́tò. Kò ní pẹ́ tí eruku á fi bo òdòdó náà, tí wọ́n á sì gbé e dà sórí ààtàn. Ìgò tí ẹni tó ń ṣa ike kiri ì bá fowó rà ti wá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kó mọ́, nítorí ọ̀dà àti gúlúù ti bà á jẹ́. Àwọn ilé kan tilẹ̀ wà tí kò sí ìgò kankan nílẹ̀, ni ìyá ọmọ bá sáré ra ohun mímu méjì láàárọ̀ kùtù kí ọmọ má baà lọ sílé-ìwé lọ́wọ́ òfo. Pàǹtí tí a ní a fẹ́ dín kù, òun náà la tún bù kún yẹn.

Kì í ṣe pé mo ń bá iṣẹ́ ọnà jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ wádìí pàǹtí náà wò: kó kà á, kó wọ̀n ọ́n, kó rì í bọmi, kó sin ín sílẹ̀, kó wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Bó bá ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ọnà tó bá fi ṣe á ní ohun tó ń sọ. Kò sì dìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní yàrá sáyẹ́ǹsì. Abọ́, iyọ̀, asẹ́, òṣùwọ̀n tí a yá lọ́jà, àti olùkọ́ tó ní sùúrù, ó ti parí.

Gọ́tà iwájú ilé-ìwé ni mo fẹ́ kí kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí àdúgbò bá jẹ, tó bá mu, tó bá jù nù, ibẹ̀ ló ń já sí. Ní Ìbàdàn, ìyá àgbà ṣì lè sọ ìtàn Omíyalé Ògùnpa fún ọmọ. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá mú odò kún àkúnya, ó gbé ilé lọ, ó gbé ènìyàn lọ. Pàǹtí tó ti dí ojú odò náà wà lára ohun tó fà á. Olùkọ́ tó bá fi ìtàn yìí ṣáájú kò ní pariwo kí kíláàsì tó fetí sílẹ̀.

A ó fi okùn wọn mítà 20 lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà náà, a ó sì fi òkúta sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Àgbàlagbà ló máa fi ṣọ́bìrì kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde sórí tapólì, kó sá a sóòrùn kó gbẹ. Ọmọ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí omi gọ́tà kì í ṣe ohun eré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá pín in sí òkìtì-òkìtì: ọ̀rá píọ́ wọ́tà lọ́tọ̀, ìgò lọ́tọ̀, ìdérí ìgò, ọ̀rá bísíkíìtì àti ti súìtì, páàkì funfun tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ, ṣíbí ike, sítírọ́ọ̀. Wọn á ka òkìtì kọ̀ọ̀kan, wọn á sì tún gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, àríyànjiyàn tó dára ni. Òkìtì tó pọ̀ jù ní iye lè má wúwo rárá, kí èyí tí kò ju ìwọ̀nba lọ sì jẹ́ òun ló tẹ òṣùwọ̀n jù. Ọ̀rá súìtì ọgọ́rùn-ún lè má tó ìgò kan. Ta ló wá pọ̀ jù nínú gọ́tà wa? Ọmọ kan á ní ọ̀rá ni, èkejì á ní ìgò ni, àwọn méjèèjì á sì jàre. Ẹ̀kọ́ ìṣirò tó wà níbẹ̀ ju ohun tí olùkọ́ lè kọ sójú pátákó lọ.

Kí wọ́n tó kó òkìtì wọ̀nyí kúrò, kí wọ́n pe ẹni tó ń ti ọmọlanke ṣa ike ládùúgbò wọlé. Àwọn ọmọ á kí i, «Ẹ kú iṣẹ́, sà,» wọn á sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọwọ́ yan ohun tó máa kó. Ìgò ló máa kọ́kọ́ mú. Á mú ọ̀rá píọ́ wọ́tà bó bá mọ́ tó sì gbẹ. Á mú korobá fífọ́ àti àga ike tó ti kán. Kò ní wo ọ̀rá bísíkíìtì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ike àti álúmíníọ́ọ̀mù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Páàkì oúnjẹ funfun náà á wà níbi tó wà: àpò kan tó kún dẹ́nu kò tẹ òṣùwọ̀n rárá. (Páàkì yìí kan náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé àwọn fòfin dè.) Kí àwọn ọmọ wá wọn ohun tó kó àti ohun tó fi sílẹ̀, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ sí ìdá ọgọ́rùn-ún.

Nígbà yìí ni iye tó ti ọ̀nà jíjìn wá á tó yé wọn. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Roland Geyer, Jenna Jambeck àti Kara Lavender Law, gbé ìṣirò kan jáde nípa gbogbo ike tí ayé ṣe láti ọdún 1950 sí 2015. Bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 8.3 ni. Nínú èyí tó ti di pàǹtí, ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tún rọ lò, wọ́n sun ìdá 12, ìdá 79 tó kù sì wà lórí ààtàn tàbí káàkiri orí ilẹ̀ àti inú omi. Bí ẹ bá kọ èyí sójú pátákó lọ́jọ́ kìíní, ọmọ á dà á kọ, á sì gbàgbé. Bó bá ti ṣe ti gọ́tà tirẹ̀ tán, á fi wé e.

Ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, àwọn ọmọ kan mọ̀ nípa òṣùwọ̀n yìí ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ. Morit International School àti ẹgbẹ́ African Clean-Up Initiative ṣètò pé kí òbí tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ máa kó ìgò ike wá. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó ilé-ìwé ọmọ. Owó ìwé ni wọ́n fi ń wá, àmọ́ ọmọ tó ti bá ìyá rẹ̀ gbé àpò ìgò dé ẹnu òṣùwọ̀n ti mọ bí ìgò ṣe máa pọ̀ tó kó tó di kílò kan. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nìyẹn, ẹ jẹ́ ká má fojú kéré rẹ̀.

Ó kan abọ́ omi méjì. Omi lásán ni kí wọ́n bù sínú ọ̀kan. Nínú èkejì, kí wọ́n máa da iyọ̀ sí i, kí wọ́n máa rò ó, títí tí iyọ̀ kò fi ní yòrò mọ́. Kí wọ́n gé ike sí wẹ́wẹ́ tó tó èékánná: ìdérí ìgò, ara ìgò fúnra rẹ̀, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ṣíbí ike funfun tó máa ń kán pẹ́kí, àti páìpù omi. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rò sílẹ̀ kó tó ju ohunkóhun somi. Ọ̀pọ̀ wọn á kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló máa léfòó, nítorí ike ṣáà ni gbogbo rẹ̀.

Ìdérí á léfòó. Ọ̀rá náà á léfòó. Ara ìgò á rì, ṣíbí á rì, páìpù á rì. Kí ìdérí àti ìgò tó jọ ti ilé-iṣẹ́ kan náà jáde máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn gan-an ló máa mú kíláàsì pariwo. Ẹ wá kó àwọn tó rì sínú omi iyọ̀: ṣíbí á gòkè wá, ara ìgò àti páìpù ò ní mira. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Mílílítà omi kan wúwo gíráàmù 1. Ike tí wọ́n fi ṣe ọ̀rá àti ìdérí kò tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí gíráàmù 0.9 sí 0.96 ni. Ti ṣíbí jẹ́ 1.05, ti ìgò jẹ́ nǹkan bí 1.38. Omi tí iyọ̀ ti kún dẹ́nu jẹ́ nǹkan bí 1.2, ìyẹn ló fi lè gbé ṣíbí tí kò sì lè gbé ìgò.

Ó lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ o. Bí atẹ́gùn bá há mọ́ ara ike wẹ́wẹ́, á léfòó níbi tó yẹ kó rì. Kí wọ́n kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sínú omi náà, kí wọ́n fi ìka tẹ ike náà wọlé dáadáa. Bí ṣíbí kan bá sì kọ̀ tí kò rì rárá, ẹ má ṣe sọ pé ọmọ ló ṣì í ṣe. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣíbí náà: láti ọdún 1988 ni àwọn oníṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà ti gbé àmì onígun mẹ́ta tó ní nọ́ńbà 1 sí 7 jáde, ó sì ti tàn káyé. Ìgò omi ni 1, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni 4, ṣíbí tó ń kán ni 6. Èyí tó kọ̀ láti rì yẹn, ó ṣeé ṣe kí 5 wà lára rẹ̀, irú ike kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìdérí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tún ike rọ ń lo ọgbọ́n yìí kan náà: wọ́n á lọ ìgò tòun ti ìdérí rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á dà á sínú omi, èyí tó bá léfòó wọ́n á gbọ́n ọn kúrò.

Ọmọ tó ti rí èyí á tún ọ̀sà wò lójú mìíràn. Ìgò tó ṣófo tí ìdérí wà lẹ́nu rẹ̀ ń léfòó nítorí atẹ́gùn inú rẹ̀ ni. Bí ìdérí bá ṣí, tí omi wọ inú rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ omi, ìdérí nìkan lá bá ìgbì lọ. Ohun tí a ń rí lójú ọ̀sà Èkó lẹ́yìn òjò ńlá kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí ilẹ̀ kì í jẹ ẹ́? Ìbéèrè yìí, pápá eré la ti ń dáhùn rẹ̀. Kí ọmọ mẹ́wàá dúró káàkiri, oníkálukú láyè ara rẹ̀: gáàsì ẹ́tílìnì tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá nìyẹn. Kí wọ́n wá di ara wọn lọ́wọ́ mú lọ́wọ̀ọ̀wọ́: ike nìyẹn. Ní ọdún 1933, ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ń wá nǹkan mìíràn nígbà tí wọ́n bá ohun funfun kan tó jọ ìda nísàlẹ̀ ìkòkò iṣẹ́ wọn; òun ló di ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé lónìí. Ewé àti sítáàṣì pàápàá jẹ́ ọ̀wọ́ gígùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ti mọ ibi tí wọ́n ti lè já ọwọ́ wọn. Ìdè àárín kábọ́ọ̀nù sí kábọ́ọ̀nù inú ọ̀rá yìí ló ṣòroó já fún wọn.

Kí wọ́n má gbà á gbọ́ lásán. Kí wọ́n kó ewé eéran, ìwé ìròyìn, àkísà òwú, àfọ́kù igbá, ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti àkísà pọ́líẹ́sítà sínú àpò àlùbọ́sà oníhòhò, kí wọ́n sin ín sí ibi tó tutù, kí wọ́n fi òkúta sàmì sí i. Kì í ṣe igi, ikán á jẹ ẹ́. (Àpò àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ ike ni. Ọmọ tó bá kíyè sí ìyẹn tó sì béèrè, ẹ yìn ín.) Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń parí, kí wọ́n hú u. Ewé á ti di ilẹ̀. Àkísà òwú á ti jẹrà tàbí kó wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rá ọ̀hún, wọ́n ṣì lè ka orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ ketekete.

Kí wọ́n so ọ̀rá mìíràn mọ́ ògiri níbi tí oòrùn ti ń pa á látàárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n sì fi ìkejì rẹ̀ pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tó wà lóòrùn á máa gbẹ, á máa gan, nígbà tó bá yá, bí wọ́n bá fọwọ́ rún un á fọ́. Ó fọ́ ni, kò jẹrà. Ike kéékèèké ló di. Ní ọdún 2004 ni Richard Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Plymouth kọ̀wé nípa irú èérún ike bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá nínú iyanrìn etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, ohunkóhun tí kò bá tó mìlímítà 5 ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Kíláàsì lè wá tirẹ̀: kí wọ́n da iyanrìn gọ́tà sínú omi iyọ̀, kí wọ́n rò ó, kí ó tòrò, kí wọ́n sì da omi òkè gba inú áńkáṣíìfù funfun. Ohun tó bá kù lórí aṣọ náà, kí wọ́n wò ó dáadáa. Max Liboiron ní Newfoundland ní ilẹ̀ Kánádà fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ tó gùn dé ìbàdí àti ìgò ike ṣe àwọ̀n kan tí wọ́n ń wọ́ lójú omi láti fi kó èérún ike, kí ẹni tí kò lówó ra àwọ̀n olówó ńlá ti àwọn onímọ̀ lè wádìí odò tirẹ̀. Ọmọ apẹja ní Mákòókò á ṣe èyí tó dára ju ti olùkọ́ rẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí a kì í ṣe: a kì í sun ike láti fi kọ́ ọmọ. Èéfín rẹ̀ kò dáa, ti páìpù omi ló burú jù.

Nínú gbogbo ìdánwò yìí, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọ̀rá tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ṣíbí ńlá sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kan, omi ṣíbí ńlá mẹ́rin, gilisẹrín ṣíbí kékeré kan, fínígà ṣíbí kékeré kan. Olùkọ́ á gbé e ka iná tí kò le, á máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Á funfun, á ki bí ẹ̀kọ, á wá mọ́ gaara. Wọ́n á tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí páànù, wọ́n á fi sílẹ̀ títí tí á fi gbẹ. Bí wọ́n bá ṣí i kúrò, ọ̀rá ni wọ́n máa bá lọ́wọ́, ó ń tẹ̀, ó ń dán. Kí wọ́n ṣe òmíràn tí kò ní gilisẹrín: á sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Gilisẹrín ló ń wọ àárín àwọn ọ̀wọ́ gígùn yẹn kí wọ́n má baà há mọ́ra. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti mọ ọ̀nà kan nínú ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́mù sí ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ kí aró má baà dé ibẹ̀. Ọmọ lè fi aró ya àpẹẹrẹ àdìrẹ sára ọ̀rá ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, kó sì gbé e kọ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá.

Lẹ́yìn náà, kí ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀ jù sínú ife omi. Á wú, á rọ̀, á túká. Ọmọ kan á béèrè bóyá a lè di píọ́ wọ́tà sínú rẹ̀, àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ohun tó mú kí ilẹ̀ má lè jẹ ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló mú kí omi má lè gba inú rẹ̀ jáde. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì ń gbé omi mímu dé ibi tí ẹ̀rọ omi kò dé. Olùkọ́ tó bá ní ike burú, tí kò sọ ohun tó wúlò fún, ọmọ á wo ọ̀rá omi tó wà lórí tábìlì olùkọ́ fúnra rẹ̀, á sì dákẹ́.

Ó wá kan ọnà. Àwọn ọmọ wa kò nílò ẹni tó máa kọ́ wọn pé pàǹtí ṣeé fi ṣe nǹkan: ọ̀rá ni wọ́n ń fi ṣe káìtì tó ń fò, sílípáàsì tó ti já ni wọ́n ń gé fi ṣe táyà mọ́tò ìṣeré. Ohun tí kíláàsì máa fi kún un ni pé kí ọnà náà gbé ohun tí wọ́n kà lọ́wọ́. Ní Ìbàdàn, Adéjọkẹ́ Làsísì tó dá Planet 3R sílẹ̀ ń fi ọ̀rá píọ́ wọ́tà hun aṣọ lórí òfì, ó ń fi í ṣe báàgì àti bàtà. Ọmọ kò nílò òfì. Páálí tí a gé etí rẹ̀ ní méjì tó kọjú síra, tí a fi òwú tín-ín-rín ta kọjá, ti tó. Kí wọ́n fọ ọ̀rá, kí wọ́n sá a, kí wọ́n gé e yí po títí á fi di okùn gígùn kan, kí wọ́n wá máa hun ún. Bí okùn búlúù kan bá dúró fún ọ̀rá mẹ́wàá tí wọ́n bá nínú gọ́tà, tí okùn funfun sì dúró fún páàkì oúnjẹ mẹ́wàá, aṣọ tí wọ́n hun á di àkọsílẹ̀ tí òbí tí kò mọ̀wé kà pàápàá lè kà.

Fún ìdérí, waya ni kí wọ́n lò, kì í ṣe gúlúù. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti dárúkọ El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà tó ṣiṣẹ́ ní Nsukka, wọ́n á sì lẹ ìdérí ike mọ́ pátákó ní orúkọ rẹ̀. Ìdérí onírin ti ìgò ọtí lòun ń lò, waya bàbà ló sì fi ń so wọ́n pọ̀, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ń ká tó sì ń tẹ́ bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ohun tó yẹ ká kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àwòrán tí a fi waya so, nígbà tí ọjọ́ òbí bá kọjá, a lè tú u, kí ẹni tó ni ọmọlanke ra ìdérí náà, kí owó rẹ̀ wọ àpò kíláàsì.

Kí wọ́n gbé aṣọ híhun náà lọ bá àwọn tó ń tajà lẹ́nu géètì pẹ̀lú. Ìyá tó ń ta ìrẹsì á rí páàkì tirẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ á sì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá wọ́n lè máa gbé abọ́ wá láti ilé. Ó lè gbà, ó lè má gbà. Páàkì ń ná òun náà lówó. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n padà sí mítà 20 kan náà, láàárín òkúta méjì kan náà, kí wọ́n tún un kà. Kí wọ́n ṣáà rí i pé àkókò bára mu, nítorí gọ́tà tí a kà nínú ọ̀gbẹlẹ̀ àti èyí tí òjò oṣù Kẹfà ti fọ̀ kò ṣeé fi wé ara wọn. Iye tó bá dín kù lẹ́yìn òjò ti wà nínú odò.